Ẹ Pe Ẹnì Kan, Ẹ Má Pe Gbogbo Ilé: Bí Ọmọ Ẹgbẹ́ Ṣe Ń Di Òǹkọ̀wé

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti pàtẹ ohun àmúyangàn àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gbé lọ láti Nàìjíríà. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, láàárín ọdún 1910 sí 1914. Ní apá kan, ọba jókòó sórí ìtẹ́. Ní apá kejì, wọ́n gbé òyìnbó aṣojú ìjọba nínú àga wọ̀lú, àwọn tó ru ẹrù rẹ̀ sì tò tẹ̀ lé e. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum rí i, wọ́n fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Ìtẹ́ tí wọ́n kàn ní Ìlú Ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn sí àyè èyí tó lọ. Títí di òní, Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà. Òpó kan láti ààfin yẹn kan náà sì wà ní Art Institute ti Chicago.

Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian tó wà fún iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ní Washington ṣe àfihàn iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ní 1998, Roslyn Walker kọ ìwé lé e lórí. Ìwé náà dára, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tó níye lórí jù tí ayé mọ̀ nípa ọkùnrin yìí ni oríkì rẹ̀, ẹnu ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ni John Pemberton ti gbà á sílẹ̀ ní 1988, nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ ti kú láti àádọ́ta ọdún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà nílé, ẹni tó kọ ọ́ ti òkèèrè wá.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní gúúsù Èkìtì kò tíì yí padà púpọ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀rùn, ní Emùré, títí dé Ìláwẹ̀, kò sí àdúgbò tí ẹnì kan kò ti mọ nǹkan kan dénú: ẹni tó mọ gbogbo ọ̀nà tó gun òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ẹni tó mọ ohùn ẹyẹ láìrí ìyẹ́ rẹ̀, ẹni tó kó fọ́tò àtijọ́ pamọ́ sínú àpótí. Àwọn wọ̀nyí kì í gba owó lórí ohun tí wọ́n mọ̀. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é. Orí yìí wà fún àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ irú àwọn olùfẹ́ nǹkan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ kí ìmọ̀ náà dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè Yorùbá, lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ibi tí àpilẹ̀kọ wọn lè dé pọ̀: ojúlé ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ti ìlú, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé jù ni Wikipedia èdè Yorùbá. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001, ti Yorùbá sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Àpilẹ̀kọ inú ti Yorùbá ti lé ní 30,000. Ti Gẹ̀ẹ́sì ti kọjá mílíọ̀nù 6 tipẹ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kọ ọ́, àti ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa kọ́ ara wọn, ń ṣe gudugudu méje, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tíì kún. Abúlé púpọ̀ ló wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ìlà kan nípa rẹ̀ lédè Yorùbá.

Ìpè tí kò ní olórúkọ

Ìparí ìpàdé ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Alága á dìde, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní nǹkan láti kọ, kó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé." Gbogbo ilé á mi orí. Wọ́n á tún kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn mélòó kan á fi àtàǹpàkò sí i. Oṣù méjì á kọjá, akọ̀wé kò ní rí lẹ́tà kan gbà. Alága á wá máa sọ pé àwọn ènìyàn òun kò fẹ́ràn ìwé kíkọ.

Irọ́ ni. Wọn kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ni. Ìpè tí a bá fi pe gbogbo ènìyàn, oníkálukú gbà pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí, ní pàtàkì àwọn tó mọ nǹkan jù, nítorí wọn kì í ka ohun tí wọ́n mọ̀ sí ìmọ̀. Ìyá tó mọ gbogbo irú iṣu ilẹ̀ Èkìtì gbà pé ohun tí gbogbo obìnrin mọ̀ lòun náà mọ̀.

Ìwádìí ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ní ojúlé kan tó ń jẹ́ MovieLens, níbi tí àwọn olólùfẹ́ sinimá ti ń fún fíìmù ní máàkì láìgba kọ́bọ̀. Ní 2005, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìdánwò kan jáde: wọ́n kọ lẹ́tà oríṣiríṣi sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kó yé pé ìmọ̀ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù ṣiṣẹ́ jù. Àwọn tí wọ́n fún ní iye pàtó láti ṣe ṣiṣẹ́ ju àwọn tí wọ́n kàn ní kí wọ́n gbìyànjú. Èyí tó ya àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn lẹ́nu ni pé rírán àwọn ènìyàn létí èrè tó wà nínú iṣẹ́ náà kò mú wọn ṣe púpọ̀ sí i. Nítorí náà, ìwàásù nípa bí èdè Yorùbá ṣe ń kú lọ, tí àwọn olórí ẹgbẹ́ fẹ́ràn láti ṣe, kì í mú àpilẹ̀kọ wá. Ó ń mú kí àwọn ènìyàn banújẹ́, wọ́n á sì lọ sùn.

Olóòtú tó gbọ́n á mú ẹnì kan, á mú ohun kan, á mú ọjọ́ kan. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ara ò le bí? Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ ṣàlàyé ìdí tí iṣu kan fi ń fà bí wọ́n bá gún un, tí òmíràn sì ń ta kókó. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ fún wa báyẹn rí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa tún un sọ sórí WhatsApp, bí ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Àbúrò wa tó wà ní yunifásítì yóò tẹ̀ ẹ́, a ó sì kà á sí yín létí lọ́jọ́bọ̀ kí ó tó jáde. Ẹ ṣeun mà."

Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti mọ̀ pé àwọn ènìyàn gbọ́ ohun tí òun sọ, wọ́n sì rántí rẹ̀. Ó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó. Ó mọ̀ pé wọn kò ní ní kí òun jókòó ti kọ̀ǹpútà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n á kà á sí òun létí: wọn kò ní fi orúkọ òun gbé ohun tí òun kò sọ jáde. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ olùkọ́ kì í fi orúkọ rẹ̀ ṣeré.

Ọ̀rọ̀ sísọ yìí, kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́, yẹ kó jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́ ní gúúsù Èkìtì. Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ jù kì í ṣe àwọn tó ń yára tẹ fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń yára tẹ̀ ẹ́ kò sì tíì mọ ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, a rí òǹkọ̀wé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lórí rẹ̀ níbikíbi tí ojúlé bá ti fàyè gba orúkọ.

Fọ́tò ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí kò ní kọ gbólóhùn kan bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lè ní ọgọ́rùn-ún fọ́tò lórí fóònù rẹ̀. Àwọn tó dá Wiki Loves Africa sílẹ̀ ní 2014 mọ èyí. Ìdíje fọ́tò ni, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ń kópa. Láti 2020 ni ìpolongo mìíràn tí ọmọ Nàìjíríà kan bẹ̀rẹ̀ ti ń wáyé, tí ó ń wá fọ́tò fún àwọn ojú ìwé Wikipedia tí kò ní.

Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá gbé fọ́tò Olósùnta wá, kí olóòtú má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àpilẹ̀kọ lójú ẹsẹ̀. Kí ó bèèrè ohun mẹ́rin péré: ibo lo dúró sí, ọjọ́ wo ni, kí ni ohun tó wà lọ́wọ́ òsì yẹn, kí ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é? Onífọ́tò á dáhùn. Ó lè fi kún un pé Òròlé ni òkè tó wà lọ́hùn-ún, pé ìgbà ọdún Olósùnta lòun ya èyí, pé ọ̀nà tí òun gbà gùn ún ti di igbó báyìí. Ó ti kọ ìlà mẹ́fà láìmọ̀. Ìgbà yẹn ni olóòtú lè fi han án pé àpilẹ̀kọ ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Fọ́tò tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà nìkan ni kí ó gbé sórí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ń kó fọ́tò sí, nítorí bí ó bá ti gbé e síbẹ̀, ó ti gbà pé kí gbogbo ayé lò ó, bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀. Fọ́tò orí Facebook ẹlòmíràn kò wúlò níbẹ̀, bí onítọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹni. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò, ojú á sì ti ọmọ ẹgbẹ́ tuntun tí kò mọ̀.

Àwọn olùfẹ́ ẹyẹ ní àpẹẹrẹ tó dára fún bí a ṣe ń gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹyẹ A. P. Leventis tó wà ní Jos ló ń darí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ẹyẹ gbogbo Nàìjíríà, àwọn olùfẹ́ ẹyẹ lásán ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí abala-abala, bíi kìlómítà 9 níbùú àti 9 lóròó. Ẹni tó bá mú abala kan á rìn nínú rẹ̀ fún wákàtí 2 ó kéré tán, á sì máa kọ orúkọ ẹyẹ bí ó ṣe ń rí wọn tẹ̀ léra. Kò sẹ́ni tó ní kí ó kọ ìwé lórí ẹyẹ Nàìjíríà. Abala kan, wákàtí díẹ̀, orúkọ ẹyẹ: àwòdì, lékeléke, agbe, àlùkò. Àkọsílẹ̀ náà ń di odindi bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń dá tiwọn.

Igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀ yẹ fún irú ìpín bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìnàkí wà níbẹ̀, ti irú tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ni wọ́n ti ń rí i, tí ó sì kù díẹ̀ jù lọ nínú gbogbo irú chimpanzee. Ìròyìn tó yẹ kí ọmọ Ìsẹ̀ máa fi yangàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan kọ nípa "Igbó Ìsẹ̀", yóò gbé e tì. Kí ẹnì kan kọ nípa odò Ògbèsè. Kí ẹlòmíràn kọ nípa igi kan ṣoṣo, ewé rẹ̀, èso rẹ̀, ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń fi í ṣe. Kí ọmọ ọdẹ kan dárúkọ àwọn ẹranko tí bàbá rẹ̀ mọ̀ tí òun kò rí mọ́. Ìyẹn tó fún oṣù kan.

Ìbẹ̀rù èdè

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sọ jáde, tí ó sì ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Wọ́n ń bẹ̀rù pé Yorùbá àwọn kò dára tó. Ọmọ Èkìtì tó ń pe ilé ní "ulé" láti kékeré mọ̀ pé ìwé kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ti nà án lórí rẹ̀ rí. Àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ náà tún ń dẹ́rù bà á. Ó sàn fún un kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, tàbí kó má kọ rárá.

Kí olóòtú sọ ọ́ ní gbangba, láti ọjọ́ kìíní, pé àmì ohùn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ yan ẹnì kan tàbí méjì tí wọn yóò máa fi àmì sí i. Àwọn tó lè ṣe é kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìkẹ́rẹ́ fi kọ́ àwọn olùkọ́ kí ó tó di Yunifásítì Bamidele Olumilua, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Òndó àtijọ́ sọ. Àwọn tó ka Yorùbá jáde níbẹ̀ wà káàkiri àwọn ilé ẹ̀kọ́ gúúsù Èkìtì, iṣẹ́ yìí sì ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́. Fún ẹni tó bá fẹ́ fi àmì sí i fúnra rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù Gboard orí fóònù ní Yorùbá nínú. Àwọn tó dá ojúlé YorubaName sílẹ̀ náà ti gbé kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ jáde fún kọ̀ǹpútà.

Ní ti ẹ̀ka èdè, kí gbólóhùn jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò kí ará Ọ̀yọ́ àti ará Kétu lè kà á. Ṣùgbọ́n orúkọ oúnjẹ, orúkọ ọdún, orúkọ àdúgbò, orúkọ ewé, kí wọ́n wà bí Ìkẹ́rẹ́ tàbí Emùré ṣe ń pè wọ́n. Olóòtú tó bá yí orúkọ oúnjẹ ìlú kan padà sí ti Ìbàdàn ti ba àpilẹ̀kọ náà jẹ́, bí gírámà rẹ̀ tilẹ̀ gún régé.

Ohun tí Wikipedia ń gbà àti ohun tí kì í gbà

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Wikipedia kì í gba ọ̀rọ̀ tí kò ní ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí bàbá àgbà sọ lójú agbo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, wọn kò ní gbà á bí kò bá sí nínú ìwé, nínú ìwé ìròyìn, tàbí nínú iṣẹ́ ìwádìí kan. Fún àwọn ènìyàn tí ìtàn wọn wà lẹ́nu, òfin yìí le. Ọ̀pọ̀ ti bínú kúrò nítorí rẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí ẹgbẹ́ ní ibi méjì. Ohun tó wá láti ẹnu àgbà, kí ó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, nínú ìwé àjọ̀dún ìlú, tàbí lórí ojúlé ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́, ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́, àti ìyọ̀ǹda rẹ̀. Pemberton kọ ọjọ́ àti orúkọ sílẹ̀ nígbà tó gba oríkì Ọlọ́wẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi lè fọkàn tán an lónìí. Ohun tó bá ti ní ìwé lẹ́yìn ni kí wọ́n gbé lọ sí Wikipedia. Ọlọ́wẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwé lẹ́yìn rẹpẹtẹ. Niyi Osundare, akéwì tí wọ́n bí ní Ìkẹ́rẹ́ ní 1947, ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Femi Falana, agbẹjọ́rò ọmọ Ìláwẹ̀, náà ní i. Ibẹ̀ ni kí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà bá ìjákulẹ̀ pàdé lọ́jọ́ kìíní.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ nípa ara rẹ̀, tàbí nípa ọ̀gá rẹ̀, tàbí nípa olóṣèlú tó fún ẹgbẹ́ lówó. Wọ́n á mọ̀, wọ́n á sì pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ oyè ló gba sùúrù jù. Ní Ìkẹ́rẹ́, ó ti pẹ́ tí Ògògà àti Olúkẹ́rẹ́ ti ń fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ipò kìíní tọ́ sí, ìtàn tí ìhà kọ̀ọ̀kan sì ń sọ nípa bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó yàtọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kọ ti ìhà kan nìkan yóò dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Òfin Wikipedia ràn wá lọ́wọ́ níbí, nítorí ó ní kí a kọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan sọ, kí a sọ ibi tí wọ́n ti sọ ọ́, kí a má sì ṣe dájọ́. Kí olóòtú fi irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ènìyàn méjì tí wọn kò sí ní ìhà kan náà, kí ó má sì ṣe gbé e jáde títí àwọn méjèèjì yóò fi gbà pé wọn kò rẹ́ ìhà tàwọn jẹ.

Àtúnṣe tí kì í lé ènìyàn sá

Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ èyí ránṣẹ́: "Olósùnta ni òkè tó lẹ́wà jù ní gbogbo Nàìjíríà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, ọdún rẹ̀ sì máa ń dùn gan-an." Olóòtú tó ń kánjú á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, á kọ tirẹ̀. Èyí tó fẹ́ kí ẹni náà tún kọ̀wé á pè é, á ní: "O ṣeun. Mo fẹ́ kí ẹni tó wà ní Brazil rí òkè yìí. Ṣé ilẹ̀ ni tàbí àpáta? Kí ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ ọdún rẹ̀?" Ohun tó máa jáde lè jẹ́: "Olósùnta jẹ́ òkè àpáta ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Lọ́dọọdún ni àwọn ará ìlú ń ṣe ọdún rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó dájú, ọwọ́ onítọ̀hún ló sì kọ ọ́.

Ìyàtọ̀ láàárín olóòtú méjèèjì ń pinnu bí ẹgbẹ́ ṣe máa rí lọ́dún mẹ́ta sí i. Iye àwọn tó ń kọ Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì déédéé ga jù ní 2007, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí Aaron Halfaker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2013, wọ́n rí i pé àwọn tuntun tó wá pẹ̀lú ọkàn rere ń bá iṣẹ́ wọn ní pípa rẹ́, nígbà mìíràn láti ọwọ́ ẹ̀rọ, láìsí ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn kò padà wá.

Ní ìdàkejì, ìyìn lásán ń ṣiṣẹ́ ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Jana Gallus gbé ìwádìí rẹ̀ lórí Wikipedia èdè Jámánì jáde ní 2017: wọ́n fún àwọn òǹkọ̀wé tuntun kan ní àmì ẹ̀yẹ tí kò ní owó nínú, iye àwọn tó dúró sì fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn tí wọn kò fún. Ìwádìí mìíràn ní 2012 fi irú àmì bẹ́ẹ̀ ta àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ́rẹ, iṣẹ́ wọn sì fi ìdá 60 pọ̀ sí i. Nílẹ̀ Yorùbá, a mọ bí a ṣe ń kíni. Kí alága dárúkọ òǹkọ̀wé ní ìpàdé, kí wọ́n ka ìpínrọ̀ kan sókè nínú ohun tó kọ, kí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kò ná ẹgbẹ́ ní nǹkan kan.

Owó ńkọ́? Ẹ̀bùn fún ẹni tó bá kọ àpilẹ̀kọ tó pọ̀ jù léwu. Láti 2013 ni Google Translate ti gbọ́ Yorùbá, Wikipedia náà sì ní irinṣẹ́ ìtúmọ̀ láti 2015. Wọ́n wúlò lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Lọ́wọ́ ẹni tó ń lé iye, ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ tí kò ní ìtumọ̀ lè jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ta ni yóò sì tún wọn ṣe? Ní 2020, àṣírí tú pé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ èdè Scots ló kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpilẹ̀kọ sínú Wikipedia èdè náà, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún 12. Kò ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni èdè náà ní Scotland ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé tí wọ́n kò dọ̀tí. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fúnni lẹ́bùn, kí ẹni tó fẹ́ gbà á dúró ka àpilẹ̀kọ rẹ̀ sókè níwájú àwọn àgbà. Ohun tí ẹ̀rọ kọ kì í pẹ́ kí etí tó mọ̀ ọ́n.

Kí ó ní ọjọ́ tí ó ń jáde

Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń gbé lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá jáde ní ẹsẹẹsẹ. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà tiwọn wá: àwọn kan ń bá obìnrin náà kẹ́dùn, àwọn kan ń fún un ní ìmọ̀ràn. Ìtàn náà di ìwé ní 1930. Ohun tó mú kí àwọn òǹkàwé di òǹkọ̀wé ni pé ìwé ìròyìn náà ní ọjọ́ tí ó ń jáde, wọ́n sì mọ̀ pé wọ́n á rí èsì. Osundare pẹ̀lú: ní 1985 ni ó bẹ̀rẹ̀ àyè ewì tirẹ̀ nínú Sunday Tribune, àyè náà sì ń béèrè ewì lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó kúrú bó gùn, yóò rí òǹkọ̀wé ju èyí tó ń dúró de ìgbà tí nǹkan bá pọ̀ tó.

Lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta, ó dára kí wọ́n jókòó kọ ọ́ pọ̀, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe àáró: ní ìjókòó yìí, gbogbo ọwọ́ á pa pọ̀ lórí àpilẹ̀kọ ẹnì kan, ní ìjókòó tó ń bọ̀ ó kan ẹlòmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ tó ní iná àti kọ̀ǹpútà ló dára jù fún un. Kí àpò ẹgbẹ́ ra dátà fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ó ju ìpápánu lọ, nítorí dátà ló ń dá àwọn ọ̀dọ́ dúró, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́.

Kí àkáǹtì Wikipedia oníkálukú ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Láti orí ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, àkáǹtì tuntun mẹ́fà péré ni Wikipedia ń gbà lójúmọ́. Ẹgbẹ́ tó bá mú ogún ènìyàn jókòó sídìí Wi-Fi kan láìmọ̀ èyí yóò rí mẹ́rìnlá nínú wọn tí wọ́n á máa wo ojú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń pín àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù wa, nítorí náà ẹni tí kò ṣẹ̀ lè bá ìdènà pàdé nítorí ohun tí ẹlòmíràn ṣe. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tọrọ ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn alábòójútó, kí wọ́n ṣàlàyé fún ọmọ ẹgbẹ́ náà pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá jà, kí ó sì máa kọ tirẹ̀ sínú fóònù títí ọ̀nà yóò fi ṣí.

Ẹni tó bá kọ lẹ́ẹ̀mejì tí kò sì kọ mọ́, kí olóòtú pè é láti béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí ó má sì dárúkọ àpilẹ̀kọ nínú ìpè àkọ́kọ́ yẹn rárá. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tàbí àìsàn ló dá a dúró, ẹgbẹ́ ti mọ ohun tó kàn. Bí ó bá jẹ́ pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló dùn ún, yóò sọ ọ́ kí ìpè náà tó parí, kí olóòtú sì ṣí ojú ìwé náà níwájú rẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ tún un wò láti òkè dé ìsàlẹ̀.